Orin Dùrù Lẹ́nu Fèrè Mẹ́rin

Ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, àti ní Abẹ́òkúta ilé Lísàbí, ṣàṣà ni ìjọ ńlá tí ènìyàn yóò wọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí kò ní bá ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ tí ó gbé sakisofóònù kọ́rùn, tí ó ń fi í gbe orin lẹ́yìn akọrin. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣòro kí a ṣe ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà tí ó lárinrin kí fèrè yìí má ké níbẹ̀. Ṣùgbọ́n dùrù píánò tí ohùn rẹ̀ gún régé ṣọ̀wọ́n láàrin wa, nítorí pé ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí igi àti okùn irin inú rẹ̀ dúró lójú kan, àwọn tí ó sì mọ bí a ti ń fà á padà sípò kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí àwọn orin tí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti di ọ̀gá nínú ìmọ̀ orin kọ sílẹ̀ fún dùrù fi ń sùn nínú àpótí ìwé, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ní fèrè lọ́wọ́, tí wọ́n sì mọ ìwé orin í kà, kò fi mọ̀ pé irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nílé baba wọn.

Èrò tèmi ni pé kí a kó àwọn orin wọ̀nyí lé agbo afunfèrè mẹ́rin lọ́wọ́, sopuránò, áltò, ténọ̀ àti bárítóònù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pín orin ìyìn fún ohùn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò ṣe é mọ̀ dájú pé iṣẹ́ ọlọ́nà ni òun dáwọ́ lé, nítorí pé ẹni tí ó bá kàn ń da ohùn láti inú ìwé dùrù sínú ìwé fèrè, láìbéèrè ohun tí èémí ènìyàn lè gbé àti ohun tí ètè lè ṣe, kò tíì tún orin tò. Àdàkọ ni ó ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn kò ní fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rárá, tí wọn yóò wí pé orin tí a bá kọ fún dùrù, orí dùrù náà ni kí ó kú sí, àti pé ẹni tí ó bá gbé e kúrò níbẹ̀ ti tàbùkù ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtara wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Johann Sebastian Bach, tí gbogbo wọn ń júbà, gba orin tí Antonio Vivaldi ará Ítálì kọ fún fáyólínì mẹ́rin, ó sì sọ ọ́ di ti dùrù àtijọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Modest Mussorgsky, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kọ ọ̀wọ́ orin kan fún dùrù ní 1874 láti fi ṣe ìrántí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Viktor Hartmann, ayàwòrán tí ó ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Nígbà tí Mussorgsky fúnra rẹ̀ fi ayé sílẹ̀ ní 1881, a kò tíì tẹ orin náà jáde, àwọn tí ó sì mọ̀ ọ́n kò ju ìwọ̀nba ọ̀rẹ́ lọ. Ní 1922 ni Maurice Ravel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí Serge Koussevitzky bẹ̀ níṣẹ́, gba orin dùrù yìí, tí ó pín in fún agbo olórin ńlá, nígbà tí ó sì dé ibi àwòrán ilé olódi àtijọ́ inú rẹ̀, áltò sakisofóònù ni ó fi orin náà lé lọ́wọ́. Láti ìgbà náà wá ni orin Mussorgsky ti ń rìn yí ayé ká, tí àwọn tí ó ti gbọ́ ti Ravel sì ń padà lọ wá ti dùrù kàn. Àtúntò kò pa á, àtúntò ni ó jí i dìde.

Àwọn afunfèrè pàápàá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yá orin lọ́wọ́ dùrù. Adolphe Sax, tí a bí ní ìlú Dinant ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 1814, ni ó dá fèrè yìí sílẹ̀, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní Paris ní 1846. Odidi ẹbí fèrè ni ó sì ní lọ́kàn, láti orí èyí tí ohùn rẹ̀ tín-ín-rín dé orí èyí tí ohùn rẹ̀ ń dún nísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jean-Baptiste Singelée kọ orin fún fèrè mẹ́rin ní 1857, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn àwọn olórin ńlá kò kọbi ara sí ẹbí fèrè yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Marcel Mule wá kó àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti inú ẹgbẹ́ olórin Garde Républicaine ní Paris ní 1928, tí wọ́n di agbo fèrè mẹ́rin, orin tí a dìídì kọ fún irú agbo bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí pé Alexander Glazunov, àgbà olórin ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò tíì kọ tirẹ̀, èyí tí ó fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1932. Kí ni wọn ìbá ṣe? Mule jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí tún orin tò, "Sevilla" tí Isaac Albéniz ọmọ ilẹ̀ Sípéènì kọ fún dùrù sì wà lára èyí tí ó kọ́kọ́ sọ fèrè wọn di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀ràn orin ń jókòó gbọ́. Ẹni tí kò bá ní oko tirẹ̀ ni ó ń yá ilẹ̀ dá, bí ó bá sì jẹ́ alágbára, a máa kórè ju onílẹ̀ lọ.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà dà bí ọ̀rọ̀ ojú òfúrufú lásán, ẹ jẹ́ kí a mú orin kan tí ó kúrú, tí gbogbo ẹni tí ó kọ́ dùrù mọ̀, kí a wò ó tinú-tẹ̀yìn. Claude Debussy, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé orin dùrù kan jáde ní 1910, méjìlá ni orin inú rẹ̀, ìkẹjọ sì ni "La fille aux cheveux de lin", tí ó sọ nípa ọmọbìnrin kan tí irun rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Debussy fúnra rẹ̀ kò tètè fẹ́ràn sakisofóònù, nítorí pé nígbà tí Elise Hall, obìnrin kan ní Boston ní Amẹ́ríkà tí ó ń fun fèrè náà, bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ ní 1901, ó gba owó, iṣẹ́ náà sì falẹ̀ títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní 1918; ọdún tí ó tẹ̀lé e ni aráyé tó gbọ́ orin náà, lẹ́yìn tí Jean Roger-Ducasse ti bá a parí rẹ̀. Síbẹ̀ orin kékeré inú ìwé 1910 yìí yẹ fèrè ju èyí tí a san owó fún lọ, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nítorí náà kíì ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. G fíláàtì ni orin náà, tí ó ní fíláàtì mẹ́fà lójú ìwé, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sì ń tún orin tò, bí wọ́n bá ti rí fíláàtì mẹ́fà, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á sáré gbé orin náà lọ sí G gbọnrangandan. Wọn kò rántí pé sopuránò àti ténọ̀ jẹ́ fèrè B fíláàtì, tí áltò àti bárítóònù sì jẹ́ ti E fíláàtì, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi orin náà sílẹ̀ ní ibi tí Debussy fi í sí, A fíláàtì ni àwọn méjì àkọ́kọ́ yóò rí lójú ìwé wọn, fíláàtì mẹ́rin, E fíláàtì sì ni àwọn méjì yòókù yóò rí, fíláàtì mẹ́ta péré. Bí a bá sì gbé e lọ sí G, ṣáàpù mẹ́ta ni yóò kan àwọn kan, ṣáàpù mẹ́rin yóò kan àwọn yòókù, kò sì sí ìrọ̀rùn kankan tí a rí gbà níbẹ̀ ju pé a ti ba àwọ̀ orin jẹ́ lásán.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ohùn àkọ́kọ́. Orin náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo, láìsí alátìlẹ́yìn, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè, lórí àwọn ohùn tí ẹni tí ó ti gbọ́ orin ìbílẹ̀ wa, tí púpọ̀ nínú wọn dúró lórí ohùn márùn-ún, kò ní kà sí àjèjì. Ta ni kí a fi í fún? Gbogbo ènìyàn ni yóò sọ pé sopuránò, nítorí pé òun ni ó ga jù, tí ohùn òkè sì jẹ́ tirẹ̀ bí ẹni pé ogún baba rẹ̀ ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Áltò ni mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ní ibi tí orin náà wà, ohùn áltò ní ọ̀rá, ó sì ní ìrẹ̀lẹ̀, nígbà tí sopuránò, bí ó tilẹ̀ mọ́ gaara, yóò ti sọ gbogbo ohun tí ó ní í sọ kí orin tó rin ìlà mẹ́ta. Kí a pa sopuránò mọ́ di ẹ̀yìn ọ̀la, kí ó jẹ́ pé nígbà tí yóò bá wọlé, gbogbo ilé yóò mọ̀ pé àlejò pàtàkì ti dé.

Ìka mẹ́wàá ni ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tẹ dùrù, bọ́tìnnì méjìdínláàádọ́rùn-ún ni ó sì wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n gùn ju ọ́kítéèfù méje lọ. Ṣùgbọ́n fèrè mẹ́rin kò lè fun ju ohùn mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀ bárítóònù dé òkè sopuránò sì fi díẹ̀ lé ọ́kítéèfù mẹ́rin ni. Nítorí náà bí kọ́ọ̀dù dùrù bá ní ohùn mẹ́fà, méjì gbọ́dọ̀ kúrò, ibí yìí gan-an ni a ti ń mọ ẹni tí etí rẹ̀ là. Èyí tí a pè lẹ́ẹ̀mejì ni yóò kọ́kọ́ lọ, ìkarùn-ún ni yóò tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ìkẹta kò gbọdọ̀ lọ, ohùn kan tí ó fún kọ́ọ̀dù náà ní àwọ̀, ìbáà jẹ́ ìkẹfà tàbí ìkẹsàn-án, kò gbọdọ̀ lọ pẹ̀lú, nítorí pé Debussy tí a bá yọ àwọ̀ rẹ̀ kúrò kò yàtọ̀ sí orin ìyìn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Bí bàsì dùrù bá sì sọ̀kalẹ̀ ré kọjá ibi tí bárítóònù lè dé, kí a gbé e sókè ní ọ́kítéèfù kan, kí a sì jẹ́ kí ténọ̀ jìnnà sí i, nítorí pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra, ohùn méjì tí ó bá sì fún mọ́ ara wọn nísàlẹ̀ á di ariwo.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Dùrù ní ohun tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí ohùn tí a ti fi sílẹ̀ máa dún lọ nínú afẹ́fẹ́, tí tuntun ń bá a nílé, tí wọ́n sì ń yọ́ mọ́ ara wọn. Fèrè kò ní irú rẹ̀, bí afunfèrè bá ti gbé ètè kúrò, ìdákẹ́jẹ́ ni ó kù. Ẹni tí ó bá ń tún orin tò ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹsẹ̀ dùrù yìí sínú ìwé, ní ti pé yóò fún ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rin ní ohùn láti dì mú nígbà tí àwọn yòókù bá ń rìn lọ, ohùn tí kò sí nínú ìwé Debussy ní gígùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó wà nínú etí gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ ọ lórí dùrù. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, bí òòlù dùrù bá ti lu okùn irin tán, ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ sí kú nìyẹn, kò sí ọgbọ́n tí a fi lè mú un tóbi sí i. Ṣùgbọ́n afunfèrè lè bẹ̀rẹ̀ ohùn kan bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, kí ó gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, kí ó tún tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ohun tí dùrù ń fi ọgbọ́n tan etí pé òun ń ṣe, fèrè ń ṣe é ní tòótọ́, nítorí ìdí èyí ni mo fi sọ pé orin yìí yẹ fèrè.

Ẹnikẹ́ni kì í sì í mí lórí dùrù, ṣùgbọ́n afunfèrè gbọ́dọ̀ mí, bí a kò bá sì sọ ibi tí yóò ti mí fún un, ibi tí ó burú jù ni yóò mí sí, ní àárín gbólóhùn orin. Igi gọ́gọ́rọ́ má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: kí àmì ìmísí wà nínú ìwé kí àwọn olórin tó rí i, kí ó má sì ṣe jẹ́ pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni yóò mí papọ̀. Kí a sì rántí pé ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá lára àwọn fèrè wọ̀nyí kì í fẹ́ rọlẹ̀, pé agbára ni ó fi ń jáde, nítorí náà níbi tí Debussy bá ti ní kí orin máa kú lọ díẹ̀díẹ̀, kí a má fi bárítóònù há sínú ihò tí kò ti lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Èyí ni ó fi ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá rí iṣẹ́ tí a fi kọ̀ǹpútà ṣe ní wàràwàrà, tí a to ohùn dùrù kalẹ̀ sójú rẹ̀, tí a pín ìlà kọ̀ọ̀kan fún fèrè kọ̀ọ̀kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí ẹ̀rọ sì yí kíì padà fúnra rẹ̀, tí a wá ń pe ìyẹn ní àtúntò. Ètè sopuránò á rẹ̀ kí orin tó dé ìdajì, nítorí pé òun nìkan ni ó ń gbé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bárítóònù á sì jókòó ti ohùn gígùn kan sí òmíràn, bí ẹni tí a kò bá sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé ẹbí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ̀rọ dára fún kíkọ ìwé tí ó mọ́, ṣùgbọ́n kò ní etí.

Ní báyìí mo fẹ́ bọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn tiwa, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ọkàn mi wà. Ní ọdún kan náà, 1935, ni a bí Akin Euba ní Èkó, tí a sì bí Ayo Bankole ní Jos. Àwọn méjèèjì kọ́ dùrù, wọ́n lọ kọ́ ìmọ̀ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì padà wá kọ orin tí kò sẹ́ orírun wọn. Bankole, tí ó kú ní 1976, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọ̀kanlélógójì lọ, fi orin dùrù sílẹ̀ fún wa, tí "Nigerian Suite" wà lára wọn. Euba, tí ó pẹ́ láyé títí di 2020, gbé ìmọ̀ ìlù dùndún yẹ̀ wò débi pé òun ni ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì ti Gánà ní Legon ní 1974, ó sì kọ ìwé ńlá lórí rẹ̀ ní 1990. Ó gbà pé ọmọ Áfíríkà lè tẹ dùrù gẹ́gẹ́ bí ẹni ń lu ìlù, kí ọwọ́ kan di ìlù kan mú, kí ìkejì máa sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀nà yìí ni ó sì gbà kọ "Scenes from Traditional Life" ní 1970.

Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú agbo dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú kì í kúrò lójú kan, àwọn omele yòókù sì ń di ọ̀nà mú fún ìyá wọn. Àyàn, bí ó bá fún ọsán ìlù rẹ̀ mọ́ ìhà, ohùn á yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kì í fò bí ẹni fo àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣe ń yọ́. Dùrù kò lè ṣe èyí láéláé, nítorí pé bọ́tìnnì kan wà fún ohùn kan, kò sì sí nǹkan kan láàrin wọn. Nígbà tí Euba kó dùndún lọ sórí dùrù, ó fi yíyọ́ ohùn sílẹ̀ lẹ́yìn nítorí pé kò sí ọ̀nà àti gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n afunfèrè a máa fi ètè àti ọ̀nà ọ̀fun yọ́ ohùn láti ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, ó sì lè fi ahọ́n gé ohùn mìíràn kúkúrú kí ó dún bí awọ tí a fi bílálà lù. Èyí túmọ̀ sí pé bí a bá tún orin Euba tò fún fèrè mẹ́rin pẹ̀lú òye, ó lè súnmọ́ ìlù tí ó ti wá ju bí ó ti wà lórí dùrù lọ. N kò sọ pé kí a máa yọ́ ohùn káàkiri, nítorí pé Euba mọ ohun tí ó kọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì fẹ́ kí ohùn gún bí ọ̀pá. Ibi tí orin bá ti ń sọ̀rọ̀ nìkan ni kí a ti yọ́ ọ, kí bárítóònù tàbí ténọ̀ ṣe ìyáàlù níbẹ̀, kí áltò gé ohùn kúkúrú bíi gúdúgúdú, kí a sì pààrọ̀ ipò bí orin bá yí padà.

Ní 1964, Euba kọ orin dùrù kan tí ó pè ní "Saturday Night at Caban Bamboo". Caban Bamboo ni ilé fàájì tí olórin Bobby Benson ní ní Èkó nígbà tí orin highlife ń jọba, Bobby Benson fúnra rẹ̀ a sì máa fun sakisofóònù. Orin tí a kọ nípa alẹ́ Sátidé ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìka ẹnìkan lórí dùrù ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀. Mo wá ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń fun fèrè pé ṣé kò yẹ kí ẹnu tiyín náà sọ ọ́? Debussy ti kọjá ọgọ́rùn-ún ọdún nínú ibojì, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí gbogbo ayé fi ń tún un tò. Òun ni kí ẹ fi kọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ẹ bọ̀ sí ilé.

Kò sì yẹ kí iṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìjọ àti ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n ń sanwó fún aṣọ akọrin àti fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó fi oṣù gbáko jókòó ti ìwé orin kan, tí ó ń yan ohùn tí yóò kù àti èyí tí yóò lọ, ṣiṣẹ́, owó iṣẹ́ sì tọ́ sí i. Bí a kò bá san án, kọ̀ǹpútà ni yóò máa ṣe é fún wa, irú èso tí yóò sì so ni mo ti sọ lókè yìí.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò fẹ́ kí ìtara mú wa gbàgbé. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ilẹ̀ Nàìjíríà, tí a fọwọ́ sí ní 2023, fi 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó dá orin sílẹ̀ dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀, ṣíṣe àtúntò sì wà lára ohun tí a gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún. Ti Bankole kò ní bọ́ kúrò lábẹ́ ààbò náà títí ọdún 2046 yóò fi parí, ti Euba sì di 2090. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ afunfèrè, ẹ̀yin olùkọ́ orin ní Èkó, ní Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan pẹ́ńsù, ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó jogún iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn, bí iṣẹ́ náà bá sì parí, ẹ kọ orúkọ ẹni tí ó dá orin sílẹ̀ sókè, kí ẹ sì kọ tiyín sí abẹ́ rẹ̀.